Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran: Ìyẹ̀wò Ìwé Tí Wordsworth Kọ Lórí Ilẹ̀ Adágún

Ní ọdún 1879, Matthew Arnold sọ ìtàn kékeré kan, ó sì ní William Wordsworth fúnra rẹ̀ fẹ́ràn láti máa sọ ọ́. Nígbà tí akéwì náà darúgbó, ilé rẹ̀ di ibi tí àwọn èrò ń ti òkèèrè wá wò, bí ìgbà tí ènìyàn ń lọ kí òrìṣà. Ọ̀kan nínú wọn, tí í ṣe àlùfáà, bi í léèrè bóyá ó ti kọ ìwé mìíràn rí yàtọ̀ sí èyí tí ó fi júwe àwọn adágún.

Ọ̀rọ̀ náà pa ni lẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ wa nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́ ewì Wordsworth lórí òdòdó etí adágún sórí, tí wọ́n sì ń kà á ketekete láìtí ì fi ojú kan irú òdòdó bẹ́ẹ̀ rí. Akéwì ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, akéwì náà ni àwa tí a dé lẹ́yìn wọn mọ̀ ọ́n sí. Síbẹ̀, àlùfáà yẹn kì í ṣe òpè. Ìwé tí ó dárúkọ wà ní ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò bìkítà fún ewì rárá, tí ó kàn ń fẹ́ mọ ọ̀nà tí yóò gbà dé etí omi, òkè tí yóò gùn, àti ìgbà tí ó dára jù lọ nínú ọdún láti lọ.

Ìwé náà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. Ohun tí mo ní í sọ nípa rẹ̀ kò ju méjì lọ. Èkíní ni pé ojúewé tí ó dára jù lọ nínú rẹ̀, ọwọ́ Wordsworth kọ́ ni ó ti jáde. Èkejì ni pé ojúewé yẹn gan-an ni ó dìde jẹ́rìí takò ó nígbà tí ó di ọdún 1844. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn iṣẹ́ akéwì yìí, bí èmi ti fẹ́ràn rẹ̀, kò gbọdọ̀ fi èyí pa mọ́.

Ilẹ̀ tí ìwé náà júwe wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lake District ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ Adágún ni èmi yóò máa pè é. Ibẹ̀ ni òkè tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà, èyíinì ni Scafell Pike, tí ó ga ní mítà 978. Ibẹ̀ ni adágún tí ó gùn jù lọ wà, Windermere, tí ó ju kìlómítà 16 lọ ní gígùn. Ibẹ̀ náà ni èyí tí ó jìn jù lọ wà, Wastwater. Ọmọ ibẹ̀ ni Wordsworth. Ní Cockermouth ni a bí i ní ọdún 1770, odò Derwent sì ń ṣàn kọjá lẹ́yìn ilé tí a bí i sí.

Ìwé náà kò jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ọdún 1810, ọ̀rọ̀ ìṣáájú lásán ni í ṣe, tí Wordsworth kọ láìfi orúkọ ara rẹ̀ sí i, fún ìwé àwòrán tí àlùfáà kan tí ń jẹ́ Joseph Wilkinson yà. Ní ọdún 1820, ó so ó mọ́ àwọn ewì rẹ̀ lórí odò Duddon. Ní ọdún 1822, ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí ìwé. Ẹ̀dà karùn-ún, tí a tẹ̀ ní Kendal ní ọdún 1835, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà títí di òní. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ó fi ń tún un ṣe, ó sì hàn nínú rẹ̀.

Kí á tó lè mọ iṣẹ́ tí ìwé náà ṣe, ó yẹ kí á mọ irú èyí tí ó wà ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1778, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Thomas West tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde lórí Ilẹ̀ Adágún yìí kan náà. West a máa sọ fún àlejò pé kí ó dúró síbí, kí ó kọjú sọ́hùn-ún, ohun báyìí ni yóò rí. Ní ayé ìgbà náà, àwọn onígbafẹ́ a máa mú jígí kékeré kan dání, jígí dúdú tí ojú rẹ̀ yọ díẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo adágún yóò kọ ẹ̀yìn sí i, yóò gbé jígí sókè, yóò sì máa wo adágún náà nínú jígí bí ẹni tí ń wo àwòrán inú férémù. Akéwì Thomas Gray mú jígí tirẹ̀ dé Keswick ní ọdún 1769. Níbi tí ó ti ń bá jígí fà á ni ó ti ṣubú yakata sí ojú ọ̀nà ẹlẹ́rọ̀fọ̀, oríkèé ìka ọwọ́ rẹ̀ sì bó. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò fi pamọ́. Ẹni tí ó bá jìn sí kòtò, àwọn Yorùbá ní ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ọgbọ́n tí Wordsworth kọ́ ni pé kò fún àlejò ní jígí kankan. Ó bẹ̀rẹ̀ nípa pípe òǹkàwé pé kí ó fi ojú inú wo ara rẹ̀ lórí àwọsánmà kan tí ó dúró láàárín òkè Great Gable àti òkè Scafell. Láti orí àwọsánmà yìí, òǹkàwé yóò rí àwọn àfonífojì tí wọ́n ti àárín kan náà nà lọ sí gbogbo ìhà, bí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń ti àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ nà lọ sí etí rẹ̀. Nínú gbólóhùn mélòó kan, gbogbo ilẹ̀ náà ti wọ inú orí ẹni. Lẹ́yìn èyí, bí a bá ń rìn ní etí adágún kan, a mọ ibi tí omi náà ti sọ̀ kalẹ̀ wá àti ibi tí ó ń lọ. Èmi kò tí ì dé ibẹ̀ rí, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ mí sílẹ̀ sí Borrowdale lónìí, mo rò pé n ó mọ ìhà tí Wastwater wà. Ìwé ìtọ́sọ́nà mélòó ni ó lè ṣe èyí fún ni?

Lẹ́yìn òkè àti omi, ó kan àwọn ènìyàn. Níbí ni mo gbà pé ọgbọ́n rẹ̀ ti ta yọ. Ó ní ẹwà tí àlejò ń wá wò kì í ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run nìkan. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ àti darandaran wà nínú rẹ̀. Òkúta ibẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ilé náà fi dàbí ohun tí ó hù jáde láti inú àpáta. Ògiri òkúta tí ó gun òkè lọ, ilẹ̀ ìjẹko tí a ro, afárá kéékèèké orí odò, gbogbo rẹ̀ ni ẹnì kan fi òógùn ojú ṣe. Ó tún sọ bí nǹkan ṣe bàjẹ́ fún wọn. Nínú ilé ni àwọn ẹbí ti máa ń ran irun àgùntàn tẹ́lẹ̀ láti fi kún owó oko. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, owó yẹn lọ, àwọn onílẹ̀ kéékèèké sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀ bàbá wọn fún àwọn olówó tí ó ti ìlú ńlá wá.

Nígbà tí àwọn olówó wọ̀nyí dé, wọ́n kọ́ ilé funfun gbòò sí ibi tí gbogbo ojú yóò ti rí i. Wọ́n gbin igi larch ní ìlà-ní-ìlà sí ẹ̀gbẹ́ òkè bí ẹni tó àwọn ọmọ ogun. Wọ́n kọ́ ilé sórí erékùṣù àárín adágún. Wordsworth kò dá ọwọ́ ẹnu rẹ̀ dúró níbí. Ó bá wọn wí dáadáa, ó sì fi ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ó wá fi gbólóhùn kan parí rẹ̀ tí ó di ìlú-mọ̀ọ́ká lẹ́yìn rẹ̀: pé ó yẹ kí Ilẹ̀ Adágún dàbí ohun ìní gbogbo orílẹ̀-èdè, tí olúkúlùkù ẹni tí ó bá ní ojú láti fi rí i àti ọkàn láti fi gbádùn rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin òǹkàwé mi jọ̀wọ́ fi ọkàn sí ibi tí ó ti so okùn ẹ̀tọ́ náà mọ́. Kò so ó mọ́ ìbí, kò so ó mọ́ owó, kò so ó mọ́ iṣẹ́. Ojú àti ọkàn ni ó so ó mọ́. Ta ni yóò wá sọ ẹni tí ó ní ojú àti ẹni tí kò ní? Ìbéèrè yìí ni ìwé náà kò dáhùn tààrà. Àbùkù kan sì wà nínú abala tí ó kan àwọn ènìyàn yìí pẹ̀lú gbogbo dídára rẹ̀: a rí àwọn àgbẹ̀ náà bí agbo, a rí ilé wọn, a rí ògiri wọn, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ ohùn ọ̀kan nínú wọn.

Ibi tí a ti gbọ́ ọ ni ojúewé tí mo ní ó dára jù lọ. Ìtàn bí a ṣe gun Scafell Pike ni. Àwọn tí ó lọ gba ẹsẹ̀ àfonífojì gòkè ní ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, darandaran kan tí ó jẹ́ ará ibẹ̀ ni ó sì ń fi ọ̀nà hàn wọ́n. Ní ṣóńṣó òkè, wọ́n dákẹ́ láti tẹ́tí sílẹ̀, wọn kò sì gbọ́ ìró ohunkóhun: kò sí ìró omi, kò sí ìró kòkòrò. Òkun ń dán lọ́ọ̀ọ́kán. Lójijì, ẹni tí ó ń sọ ìtàn náà kígbe pé ọkọ̀ kan ni ó wà lójú òkun yẹn. Darandaran béèrè pé ṣé ọkọ̀ ni. Wọ́n ní kí ni ì bá tún jẹ́. Pé ojú àwọn ti mọ́ ọkọ̀ òkun, àwọn kò lè ṣì í mọ̀. Darandaran kò jiyàn. Ó dákẹ́ díẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan, ó wá rọra wí fún wọn pé kí wọ́n wo ọkọ̀ wọn wàyí, ó ti di ẹṣin. Àwọsánmà ni, kì í ṣe ọkọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ẹni tí ó kọ ìtàn náà wá gbàdúrà pé nígbàkigbà tí òun bá tún fẹ́ rin kinkin mọ́ ọ̀rọ̀ ara òun, kí òun lè rántí ọkọ̀ àti ẹṣin yẹn, àti ọkùnrin òkè tí ó mọ àwọsánmà ju àwọn lọ, bí ó ti wù kí ìmọ̀ tiwọn lórí ọkọ̀ pọ̀ tó.

Àwọn bàbá wa ní àlejò lójú, kò fi ríran. N kò mọ ìtàn kan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ òwe yìí tó èyí. Ẹ sì wo bí ọwọ́ ẹni tí ó kọ ọ́ ṣe rọ̀ tó. Kò sọ darandaran di ọlọ́gbọ́n inú ìwé, kò fi ọ̀rọ̀ ńlá sí i lẹ́nu. Ó jẹ́ kí ó sọ gbólóhùn méjì péré, gbólóhùn méjèèjì sì tó. Ìwà ọmọlúàbí ará oko tí kò fẹ́ dójú ti àlejò rẹ̀ wà nínú dídákẹ́ tí ó dákẹ́ yẹn.

Ta wá ni ó kọ ọ́? Dorothy ni, àbúrò Wordsworth obìnrin. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Mary Barker, ni wọ́n gun òkè náà ní oṣù October ọdún 1818. Wordsworth kò bá wọn lọ. Dorothy kọ ìrìn náà sínú lẹ́tà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú un, ó tún un ṣe díẹ̀, ó sì fi í sínú àwọn ẹ̀dà ìwé rẹ̀ tí ó jáde lẹ́yìn ọdún 1820. Ó ní inú lẹ́tà ni òun ti fà á yọ, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ìrìn kan tí wọ́n rìn ní etí adágún Ullswater, tí ó tún wà nínú ìwé náà, inú àkọsílẹ̀ Dorothy náà ni ó ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn òdòdó tí a kọ́ sórí ní ilé ẹ̀kọ́: ní ọjọ́ 15 oṣù April ọdún 1802, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ rí wọn ní etí Ullswater, Dorothy sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Wordsworth kọ ewì tirẹ̀ ní nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1807. Nínú ewì náà, òun nìkan ni ó ń rìn.

N kò pe èyí ní olè. Nínú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, Dorothy kì í sì í fi iṣẹ́ rẹ̀ du ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọdún 1855 ni ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tí ó ń yẹ ìwé wò ni láti sọ ibi tí omi ti sun. Odò tí ó bá gbàgbé ìsun rẹ̀, gbígbẹ ni í gbẹ. Obìnrin tí kò lórúkọ nínú ìwé náà àti darandaran tí kò lórúkọ nínú ìwé náà ni wọ́n fún un ní ojúewé tí ó ní èémí jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí á wá dé ọdún 1844. Wordsworth ti di arúgbó ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ọba sì ti fi í ṣe akéwì ìjọba ní ọdún tí ó ṣáájú. Àwọn kan fẹ́ la ojú irin rélùwéè láti Kendal dé ìtòsí Windermere. Wordsworth bínú. Ó kọ ewì takò ó, ó sì kọ lẹ́tà méjì sí ìwé ìròyìn Morning Post. Nínú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí, ó ní a kì í bí ìfẹ́ òkè àti àpáta mọ́ ènìyàn. Ẹ̀kọ́ ni a fi ń ní in, díẹ̀díẹ̀, fún ìgbà pípẹ́. Nítorí náà, kò sí àǹfààní tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti alágbàṣe láti ìlú ẹ̀rọ yóò rí bí a bá kó wọn wá lọ́pọ̀ yanturu sí etí adágún. Kí wọ́n rọra máa rìn nínú pápá ìtòsí ilé wọn. Ó ní ilé ọtí ni yóò tẹ̀lé wọn wá, àti ìjàkadì, àti eré ìje ọkọ̀ ojú omi.

Kí n má ṣe ṣe èké sí i. Ẹ̀rù tí ó ń bà á kì í ṣe ẹ̀rù asán. Ó ti rí ohun tí àwọn olówó fi ilẹ̀ náà ṣe, ó sì mọ̀ pé ohun tí a ń wá wò lè parun lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tí ó wá wò ó. Títí di òní, kò tí ì sí ẹni tí ó rí ojútùú pátápátá sí ọ̀rọ̀ yìí níbikíbi tí omi bá ti rẹwà. Bí ó bá dúró sórí ìyẹn nìkan, n kò ní bá a jà.

Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ojú àwọn tálákà ni ó lọ bá wí. Ìhín gan-an ni ìwé tirẹ̀ ti dá a lóhùn. Lórí Scafell, ta ni ó ní ẹ̀kọ́, ta ni kò ní? Ẹni tí ó ti ka ìwé, tí ó ti wo àwòrán, ọkọ̀ ni ó rí. Ẹni tí ń da àgùntàn ni ó rí àwọsánmà. Lóòótọ́, Wordsworth lè ní darandaran jẹ́ ará ibẹ̀, alágbàṣe ìlú ẹ̀rọ kò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. N ó gbà fún un. Ṣùgbọ́n báwo ni ará ibẹ̀ ṣe mọ ohun tí ó mọ̀? Gbígbé ibẹ̀ ni, wíwò ni, lójoojúmọ́. Bí ó bá jẹ́ pé wíwò ni a fi ń kọ́ ọ, ẹni tí a kò jẹ́ kí ó wá wò kò ní kọ́ ọ láé. Àlejò aláìmọ̀kan ni Dorothy náà lórí òkè yẹn. Kì í ṣe pé a lé e padà, afinimọ̀nà ni a fún un. Wordsworth, tí ó ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n na ọwọ́ ìpè sí gbogbo onígbafẹ́ tí ó lè ra ìwé, wá fẹ́ yọ àkàsọ̀ nígbà tí ó kan ẹni tí kò ní ju owó rélùwéè lọ.

Ọkọ̀ rélùwéè dé ní ọdún 1847. Ẹ gbọ́ ohun tí ó tẹ̀lé e. Kì í ṣe àwọn tí ó wá lo ọjọ́ ìsinmi ni ó ṣe ilẹ̀ náà ní ibi tí ó tóbi jù; ìlú Manchester ni ó sé omi Thirlmere, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lọ sí ìlú ní ọdún 1894. Láti inú ìjà tí a jà lórí omi yìí àti irú rẹ̀ ni a ti dá ẹgbẹ́ National Trust sílẹ̀ ní ọdún 1895, Hardwicke Rawnsley, tí ó jẹ́ àlùfáà nítòsí Keswick, sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1951, ìjọba sọ Ilẹ̀ Adágún di ọgbà orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2017, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé, ìwé kan náà tí orúkọ igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti wà láti ọdún 2005. Ọ̀rọ̀ Wordsworth nípa ohun ìní gbogbo orílẹ̀-èdè ti ṣẹ, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mú un ṣẹ kò ka ojú ènìyàn kí wọ́n tó jẹ́ kí ó wọlé.

Nítorí náà, ìdájọ́ mi nìyí. Ìwé ńlá ni, bí ó tilẹ̀ kéré. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ kọ ìwé nípa odò tàbí adágún kan fún àlejò tí kò ní rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀: bí a ti í fi gbogbo ilẹ̀ han òǹkàwé lẹ́ẹ̀kan náà, bí a ti í rí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn nínú ohun tí àlejò rò pé ó kàn wà bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ẹ̀dà 1835. Ẹ ka àkọsílẹ̀ Dorothy tì í, kí ẹ lè gbọ́ ohùn ẹni tí ó rìn ín. Ẹ sì ka àwọn lẹ́tà 1844 tẹ̀lé e, bí ó tilẹ̀ korò.

Ọ̀pọ̀ nínú wa nínú ẹgbẹ́ yìí ni yóò kọ̀wé lọ́jọ́ kan nípa Ọ̀ṣun, tàbí nípa omi gbígbóná àti omi tútù Ìkọ́gọ̀sì, tàbí nípa etí ọ̀sà. A ó lọ, a ó rí ẹnì kan tí yóò mú wa gba ọ̀nà, yóò sì sọ ohun tí a kò mọ̀ fún wa. Kí a béèrè orúkọ rẹ̀ kí a tó kúrò níbẹ̀, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó sọ. Bí kò bá sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, èmi yóò ka ìwé náà sí èyí tí kò tí ì parí.